Kí ọ̀bẹ tó kan ikùn, ẹ kọ́kọ́ bi ọkàn léèrè

Tẹ́ ẹ bá ṣí Instagram lónìí, kò ní pẹ́ tẹ́ ẹ ó fi rí fọ́tò méjì tí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Lápá òsì, obìnrin kan tó sanra, tí kò rẹ́rìn-ín. Lápá ọ̀tún, obìnrin yẹn kan náà ti di lẹ́pa, eyín síta. Nísàlẹ̀, nọ́ńbà WhatsApp kan: ẹ kàn sí wa fún iṣẹ́ abẹ tó ń mú ara fúyẹ́, ẹ lè máa san owó díẹ̀díẹ̀. Mi ò bá fọ́tò yẹn jà. Àmọ́ ìbéèrè kan wà tí mi ò rí lábẹ́ rẹ̀ rí: báwo ni ọkàn yín ṣe ń ṣe sí?

Èrò tèmi lórí ọ̀rọ̀ yìí kò lọ́jú pọ̀. Iṣẹ́ abẹ fún ẹni tó sanra jù kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, kì í sì í ṣe ìwà ọ̀lẹ. Kódà fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò lágbára mọ́, ó lè jẹ́ ohun tó máa gba ẹ̀mí rẹ̀ là. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi àìsàn ọkàn pamọ́ fún dókítà nítorí kí wọ́n lè gbà á sórí bẹ́ẹ̀dì iṣẹ́ abẹ, ẹ̀mí ara rẹ̀ ló ń fi ta tẹ́tẹ́. Ilé ìwòsàn tí kò bá sì béèrè, wọ́n jọ ń ta tẹ́tẹ́ náà ni.

Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára nítorí àbúrò mi kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n kọ ọ́, ó kàn ní kí n má dárúkọ òun ni. Ọmọ Ìfọ́n-Ọ̀ṣun ni, Ìlobùú ló ti lọ́kọ. Ọmọ ọdún 36 ni. Nígbà tó lóyún ọmọ rẹ̀ kejì, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru. Lẹ́yìn tó bímọ tán, ẹ̀jẹ̀ náà kò wálẹ̀ mọ́, òun náà ò sì lo oògùn rẹ̀ déédéé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sanra, àwọn èèyàn ń kí i pé ara ọlọ́mọ ló yọ. Nígbà tó yá, kò lè gun àtẹ̀gùn kó má mí hẹlẹhẹlẹ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú nírọ̀lẹ́. Kò lè sùn àfi tó bá gbé orí lé ìrọ̀rí mẹ́ta. Àwọn kan ní àárẹ̀ ni, àwọn míì ní ayé ló ń bá a jà.

Àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní echo ló tú àṣírí. Ẹ̀rọ náà máa ń fi ọkàn hàn bó ṣe ń lù gan-an. Tí ọkàn ẹni tára rẹ̀ dá bá lù lẹ́ẹ̀kan, ó máa ń ti nǹkan bí 50 sí 70 nínú 100 ẹ̀jẹ̀ tó wà ní yàrá rẹ̀ apá òsì jáde. Tó bá ti wálẹ̀ dé 40, àwọn dókítà á ní agbára ọkàn náà ti lọ sílẹ̀. Ti àbúrò mi jẹ́ 32.

Kílò rẹ̀ jẹ́ 138, ó ga ní mítà 1.65. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí àwọn dókítà ń pè ní BMI, ẹ fi gíga yín pín kílò yín, kẹ́ ẹ tún fi gíga náà pín ohun tó kù lẹ́ẹ̀kan sí i. Tirẹ̀ lé ní 50. Láti ọdún 1991 ni wọ́n ti ń sọ pé ẹni tí BMI rẹ̀ bá tó 40 lè ṣe iṣẹ́ abẹ yìí, tàbí 35 tó bá tún ní àìsàn míì tí sísanra ń dá kún. Lọ́dún 2022, àwọn ẹgbẹ́ dókítà tó ń ṣe iṣẹ́ náà sọ ọ́ di 35 fún ẹnikẹ́ni, wọ́n ní ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà lè ṣe é láti 30. Tó bá jẹ́ ti kílò ni, àbúrò mi ti yege. Ọkàn ló kù.

Ilé ìwòsàn aládàáni kan tó ń polówó lórí íntánẹ́ẹ̀tì fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sí i. Ìbéèrè kan wà níbẹ̀: ṣé ẹ ní àìsàn ọkàn? Ó béèrè lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp pé kí lòun máa kọ síbẹ̀. Onítọ̀hún ní kó kọ "rárá", pé ẹ̀jẹ̀ gbogbo èèyàn ló ń ru, kó ṣáà tètè san owó àsansílẹ̀ torí àyè ń tán. Ó wá pè mí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, tí mo bá kọ òótọ́, wọn ò ní gbà mí. Tí mo bá sì jókòó báyìí, ọkàn yìí á pa mí náà ni. Èwo ni kí n ṣe?"

Mo sọ fún un pé kó má kọ irọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè rẹ̀ kì í ṣe ti òmùgọ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé yìí.

Kò dá nìkan wà. Ní Federal Medical Centre tó wà ní Abẹ́òkúta, àwọn dókítà ṣàkọsílẹ̀ aláìsàn 452 tí ọkàn wọn kò ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ mọ́, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2014. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló wà nídìí ti èèyàn tó lé ní 78 nínú 100 wọn. Ìwádìí míì tó jáde lọ́dún 2012 wo aláìsàn ọkàn 1,006 ní orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án nílẹ̀ Áfíríkà. Ìpíndọ́gba ọjọ́ orí wọn jẹ́ ọdún 52. Ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, arúgbó ni àìsàn yìí sábà máa ń mú. Níbí, ẹni tó ṣì ń san owó ilé-ìwé ọmọ ló ń mú.

Ẹ jẹ́ ká ya ohun méjì sọ́tọ̀, torí àwọn èèyàn máa ń pa wọ́n pọ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní liposuction, tí wọ́n ń fi ọ̀pá tín-ín-rín fa ọ̀rá jáde lábẹ́ awọ, iṣẹ́ ẹwà nìyẹn. Kì í wo ẹ̀jẹ̀ ríru sàn, kì í sì í sọ ẹrù ọkàn kalẹ̀. Iṣẹ́ abẹ ti sísanra gan-an, inú àpòlúkù ló ń lọ, ìyẹn àpò tí oúnjẹ ń bọ́ sí. Nínú irú kan, tí wọ́n ń pè ní sleeve, wọ́n máa ń gé ohun tó lé ní ìdajì àpò náà kúrò, èyí tó kù á wá tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Nínú irú kejì, ìyẹn bypass, wọ́n á dá àpò kékeré sí òkè rẹ̀, wọ́n á so ìfun mọ́ ọn, kí oúnjẹ má baà gba ọ̀nà tó ń gbà tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá ṣe é á máa tètè yó, ebi ò sì ní fi bẹ́ẹ̀ pa á bíi ti tẹ́lẹ̀.

Iṣẹ́ ẹwà pàápàá kì í ṣe eré. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dàgbà díẹ̀ á rántí Stella Ọbásanjọ́, ìyàwó Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́. Ọjọ́ 23 oṣù Kẹwàá ọdún 2005 ló kú ní orílẹ̀-èdè Spain lẹ́yìn irú iṣẹ́ abẹ ẹwà bẹ́ẹ̀, ó ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kó pé ọmọ ọgọ́ta ọdún. Lọ́dún 2009, ilé-ẹjọ́ ní Spain dá dókítà tó ṣe é lẹ́bi pé àìbìkítà rẹ̀ ló fa ikú náà. Wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún kan, wọ́n sì ní kó sanwó fún ọmọ olóògbé. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án ni pé ó ki ọ̀pá náà bọ ibi tí kò yẹ nínú ikùn. Ìyàwó Ààrẹ nìyẹn, ní Yúróòpù, níbi tí owó kì í ti í ṣe ìṣòro. Kí la máa wá sọ nípa ẹni tí ọkàn rẹ̀ jẹ́ 32, tó tún parọ́ nínú fọ́ọ̀mù?

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí ọkàn nínú yàrá iṣẹ́ abẹ? Oògùn tí dókítà fi ń kunni lóorun máa ń fa ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Ọkàn tó lágbára á tètè gbé e dìde, èyí tó ti rẹ̀ lè má lè gbé e. Ihò kéékèèké ni wọ́n sábà máa ń lu sí ikùn láti ṣe iṣẹ́ náà, wọ́n á sì fẹ́ afẹ́fẹ́ carbon dioxide sínú ikùn kó lè wú, kí wọ́n rí ibi tí wọ́n ń gé. Afẹ́fẹ́ yẹn á ti ẹ̀dọ̀fóró sókè, á sì dá kún iṣẹ́ ọkàn. Omi tí wọ́n ń fà sí i lára náà ní ìwọ̀n: tó bá pọ̀ jù, á kún ẹ̀dọ̀fóró, tó bá kéré jù, kíndìnrín á jìyà. Ẹ̀jẹ̀ lè dì lẹ́sẹ̀ kó gbéra lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Ojú ibi tí wọ́n rán lè máa jò, kí ibẹ̀ sì kẹ̀. Ara ẹlòmíì á fara da ìyẹn títí wọ́n á fi rí i tún ṣe. Ọkàn tó ti rẹ̀ kì í ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀.

Kò sí ọ̀kankan nínú gbogbo èyí tí dókítà tó mọṣẹ́ kò lè múra dè, tó bá mọ̀ ṣáájú. Dókítà ọkàn á wà nítòsí. Bẹ́ẹ̀dì á ti wà nílẹ̀ ní wọ́ọ̀dù àwọn tó nílò ìtọ́jú àkànṣe. Akunnilóorun á yan oògùn tó rọ̀ ọkàn lọ́rùn, wọ́n á dín afẹ́fẹ́ inú ikùn kù. Ṣùgbọ́n tí wọn ò bá mọ̀, ńṣe ló dà bí awakọ̀ tí wọn ò sọ fún pé bíréèkì ọkọ̀ ò mú mọ́, tó wá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè pẹ̀lú èrò kíkún.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá délé ńkọ́? Ọ̀pọ̀ aláìsàn ọkàn ló ń lo oògùn tó ń mú èèyàn tọ̀, bíi Lasix. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ yìí, omi díẹ̀díẹ̀ ni èèyàn lè máa mu. Tó bá ń mu omi díẹ̀, tó tún ń lo oògùn àtijọ́ ní ìwọ̀n àtijọ́, ara á gbẹ, ojú á máa ṣókùnkùn, kíndìnrín á bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Ẹnìkan ní láti máa yẹ oògùn náà wò lemọ́lemọ́. Fítámì sì di ohun tí èèyàn ń lò títí ayé. Gbogbo èyí kò sí nínú fọ́tò méjì yẹn.

Mo mọ ohun tí àwọn kan á sọ báyìí: "Ṣé ẹ rí i, a ti sọ pé kó gbà fún Ọlọ́run." Ẹ dúró ná. Ìyẹn náà kọ́ ni mò ń sọ. Bí ara bá ṣe tóbi tó ni ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ní láti máa tì kiri ṣe ń pọ̀ tó, bí ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà tí wọ́n ní kó máa fa tírélà. Ọ̀pọ̀ ẹni tó sanra gan-an ni èémí rẹ̀ tún máa ń dá dúró lójú oorun, ìyẹn náà ń da ọkàn láàmú ní gbogbo òru. Tí ẹrù bá fúyẹ́, ọkàn á mí. Àwọn dókítà lókè òkun ti rí àwọn aláìsàn ọkàn tí agbára ọkàn wọn gòkè lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ yìí, tí wọn ò sì fi bẹ́ẹ̀ dákú dájí lọ sílé ìwòsàn mọ́. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ ọkàn kì í fẹ́ gba ẹni tí BMI rẹ̀ bá ti lé ní 35, nítorí náà àwọn kan ń kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ti ikùn kí ọ̀nà lè là fún ti ọkàn. Ní àwọn ilé ìwòsàn tó mọ iṣẹ́ náà dunjú, ẹni tó ń kú láàrin 30 ọjọ́ kò tó ẹyọ kan nínú 100. Ewu ti aláìsàn ọkàn ju ìyẹn lọ, ṣùgbọ́n jíjókòó láìṣe nǹkan kan náà ní ewu tirẹ̀.

Abẹ́rẹ́ tí gbogbo ayé ń pariwo ńkọ́, Ozempic àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀? Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2023, tí èèyàn 529 kópa nínú rẹ̀, fi hàn pé àwọn aláìsàn ọkàn tó lo semaglutide fún ọdún kan dín ju 13 nínú 100 ìwọ̀n wọn kù, èémí wọn sì já geere sí i. Ṣùgbọ́n àwọn tí ọkàn wọn ṣì ń ti ẹ̀jẹ̀ jáde dáadáa ni wọ́n fi ṣe é, kì í ṣe ọkàn tó jẹ́ 32. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, tún kìlọ̀ pé ayédèrú rẹ̀ ti wà nígboro. Nítorí náà, ẹ má ra abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń ta wíìgì.

Dókítà ọkàn tí àbúrò mi padà lọ rí kò sọ fún un pé "ó tì". Ohun tó sọ ni pé "kò tíì yá". Ó fi í sórí oògùn ọkàn, ó ní kó dín iyọ̀ àti Maggi kù, kó lọ ṣe àyẹ̀wò oorun. Ó ní lẹ́yìn oṣù mélòó kan, wọ́n á tún echo náà ṣe, kí òun, oníṣẹ́ abẹ àti akunnilóorun wá jókòó pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kílò mẹ́sàn-án ti lọ báyìí láìfi ọ̀bẹ kàn án. Ẹni tó gbọ́ òótọ́ rẹ̀ ló lè fún un ní irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí n bá àwa ará ilé sọ̀rọ̀, torí àwa náà wà lára ohun tó ń sún èèyàn parọ́. Ní Ìfọ́n, ìlú Òrìṣà Olúfọ́n, ìyá àgbà kan bi í pé ara tí Ọbàtálá mọ, ta ni ìwọ tó fẹ́ tún un mọ? Ìyá o, ẹ má bínú. Kì í ṣe Ọbàtálá ló mọ kílò 138. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí a kò tọ́jú, àìsùn, àìrìn àti fùfú alẹ́ wà níbẹ̀. Ní Ìlobùú, ilé Erinlẹ̀, ọdẹ tó tún jẹ́ oníṣègùn, wọ́n gbé àgbo wá fún un. Mi ò bú àgbo, ṣùgbọ́n èyí tó ń mú èèyàn yàgbẹ́ léraléra léwu fún ẹni tó ti ń lo oògùn ìtọ̀. Àwọn tó ń pè é ní orobo lọ́jà, àwọn náà ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé "ṣé kò sí o?" lọ́jọ́ tó bá rù. Ẹni tí ojú ń tì nílé, ojú á tì í níwájú dókítà.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà tún wà níbẹ̀. Ilé ìwòsàn aládàáni ní Èkó àti Àbújá ni iṣẹ́ abẹ yìí pọ̀ sí jù, ṣùgbọ́n ilé ni èèyàn ń padà sí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, nígbà tí ìjà ilẹ̀ láàrin Ìlobùú àti Ìfọ́n tún gbóná, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun fi òfin kónílé-ó-gbélé de àwọn ìlú náà pẹ̀lú Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun. Ẹ fojú inú wo ẹni tí ojú ọgbẹ́ inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jò lọ́jọ́ karùn-ún, tí Òṣogbo kò jìnnà rárá, ṣùgbọ́n tí kò sẹ́ni tó máa gbé ọkọ̀ jáde. Kí ẹnikẹ́ni tó gbé ara lé ọ̀bẹ ní Èkó, ó yẹ kó mọ ilé ìwòsàn tó máa sáré lọ nítòsí ilé, kí wọ́n sì ti ní fáìlì rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ̀yin àgbààgbà ìlú méjèèjì náà, ẹ rántí pé ìjà yìí ń pa ẹni tí kò mọ ibi tí ààlà oko wà rárá.

Òfin ìlera Nàìjíríà ti ọdún 2014 ti sọ ọ́ kedere pé ó di dandan kí oníṣègùn sọ bí ara aláìsàn ṣe rí fún un, ìtọ́jú tó wà, àǹfààní rẹ̀, ewu rẹ̀ àti iye tó máa ná an. Ẹ̀tọ́ yín ni. Nítorí náà, ẹ béèrè: Ta ni dókítà ọkàn tó máa wo echo mi? Ṣé ẹ ní bẹ́ẹ̀dì ìtọ́jú àkànṣe nínú ọgbà yín níbí? Aláìsàn ọkàn mélòó lẹ ti ṣe irú iṣẹ́ yìí fún? Ta ni mo máa pè ní aago méjì òru, ṣé á gbé e? Ta ló máa máa yí oògùn mi padà lẹ́yìn tí mo bá lọ sílé? Ibi tí wọ́n bá ti ń bínú sí ìbéèrè, ẹ gbé báàgì yín.

Ẹ̀yin ilé ìwòsàn, ẹ má gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kẹ́ ẹ tó mọ bí ọkàn rẹ̀ ṣe rí. Ẹ má sì kàn lé aláìsàn ọkàn dà nù bí ajá. Ẹ juwe ibi tó máa lọ fún un, torí bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe dé ibòmíì tí yóò ti parọ́. Ìjọba náà, kí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wà ní gbogbo ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé, kí oògùn rẹ̀ sì má wọ́n lápá. Ká ní ẹ̀jẹ̀ àbúrò mi wálẹ̀ lọ́dún tó bímọ, bóyá la ò bá máa sọ̀rọ̀ ọ̀bẹ lónìí.

Irú fọ́ọ̀mù yẹn wà lórí fóònù ọ̀pọ̀ èèyàn báyìí. Tẹ́ ẹ bá dé ibi ìbéèrè ọkàn, ẹ kọ òótọ́ síbẹ̀. Tí wọ́n bá torí òótọ́ lé yín, ẹ má sunkún. Ibi tí ẹ ò bá kú sí ni wọ́n lé yín kúrò.